Mo Sá Pamọ́ Sẹ́yìn Ọkọ̀ Bàbá Yẹ̀kínì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ bí ìtìjú mi ṣe tó.

Èmi ni ẹni tí ó máa ń bá àgbàlagbà fa ọ̀rọ̀ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ bí wọ́n bá já ìlà. Èmi ni mo fi rúlà wọn ẹran nígbà tí wọ́n ń pín in níbi òkú bàbá bàbá mi, títí ìyá mi fi pariwo pé, "Gilbert, ẹran ni, kì í ṣe ilẹ̀!" N kò lè rí ìrẹ́jẹ kí n dákẹ́.

Síbẹ̀, èmi yìí kan náà ni mo jẹ́ kí wọ́n dá àgbàlagbà kan lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi fúnra mi ṣẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Mo mọ òtítọ́. Mo sì panu mọ́ bí ẹni tí ó fi omi sẹ́nu.

Ọdún 1985 ni. Mo jẹ́ olùkọ́ físíìsì ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ní ọkọ̀ Ìjàpá kan tí ẹ̀gbọ́n mi gbé sílẹ̀ fún mi. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, a máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ṣùgbọ́n a máa sáré.

Ní ọdún yẹn ni ọkọ̀ gbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi lójú ọ̀nà Odogbolu. Ọpẹ́ ni, kò kú, ẹsẹ̀ kan ló dá. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹun. Àwa díẹ̀ kóra jọ, a dá Ìgbìmọ̀ Ìrìn Pẹ̀lẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé. Olóyè Harold, oníṣòwò ńlá tí ó máa ń lọ sí Amẹ́ríkà bí ẹni ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, ni a fi ṣe alága. Òun ni ó ra ẹ̀rọ rédà bọ̀ fún wa.

Bí ẹ kò bá rí i rí, ó jọ ohun tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun. A ó nà án sí ọkọ̀ tí ń bọ̀, a ó tẹ ojú rẹ̀, nọ́ńbà pupa yóò sì yọ lẹ́yìn rẹ̀: iye eré tí ọkọ̀ náà ń sá gan-an. Kò sí àríyànjiyàn. Kò mọ ọlọ́lá, kò mọ tálákà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a gbé e jáde, onítakisí kan bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá adigunjalè, ẹ jọ̀ọ́, n kò tíì gbé èrò kankan láti àárọ̀." Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìlú ti ń pè é ní ìbọn.

Gbogbo gáréèjì Odogbolu fọwọ́ sí òfin wa. Ẹnikẹ́ni tí eré rẹ̀ bá lé ní àádọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìlú tàbí abúlé, yóò se ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ ńlá kan fún gbogbo gáréèjì, ẹja rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kéré. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn yóò yọ ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lórí ìtò fún oṣù mẹ́ta, kò ní lè gbé èrò nínú gáréèjì wa. Ọjọ́ Àdúrà Ọkọ̀ ni wọ́n máa ń ka ìdájọ́ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Èmi ni mo kọ òfin náà. Mo fa ìlà pupa méjì sábẹ́ "láìyọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

Walter, ọ̀rẹ́ mi tí ó ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, ni ó máa ń mú ìbọn náà dání. Èmi ni mo máa ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Ohun kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí ní kàyéfì. Gbogbo ayé ló ń sọ pé Bẹ́ǹsì Olóyè Harold ń fò bí àṣá. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé iwájú ìbọn wa, ńṣe ni yóò máa rọra bọ̀ bí ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ. Mọ́kàndínláàádọ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mọ́kàndínláàádọ́ta. A yí ibi tí a ń dúró sí padà, a lọ sá sẹ́yìn igi obì. Mọ́kàndínláàádọ́ta!

"Ẹni tí ó ń pa òfin mọ́ nìyẹn," Walter wí.

"Walter, kò sí ènìyàn tí ń pa òfin mọ́ tó bẹ́ẹ̀," mo dá a lóhùn. "Èmi gan-an kò tó bẹ́ẹ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo lọ bá Olóyè nílé. Mo dúró, mo kọ̀ láti jókòó, kí ó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ ṣe máa ń mọ ibi tí a wà?"

Olóyè rẹ́rìn-ín. Ó mú mi lọ sí ìdí Bẹ́ǹsì rẹ̀, ó gbé fìlà kan kúrò lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Àpótí dúdú kékeré kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, kò ju páálí ìṣáná ńlá lọ, ó ní gílóòbù pupa kan.

"Tíṣà físíìsì, ìwọ náà wò ó. Ìbọn yín máa ń ju nǹkan jáde kí ó tó lè wọn eré, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Àpótí yìí máa ń gbọ́ ọ láti òkèèrè. Bí ó bá ti gbọ́ ọ, á ké píí-píí-píí. Èmi á sì tẹ bíréèkì."

"Ẹ̀yin lẹ ra ìbọn fún wa!"

"Èmi náà ni. Mo rà á kí àwọn ènìyàn má báa sáré."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Tíṣà, òfin wà fún àwọn tí kò mọ ibi tí òfin dúró sí. Èmi mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mo sọ fún un pé ìrẹ́jẹ ni. Mo ní bí olówó bá ní etí tí tálákà kò ní, a kò tíì ṣe òfin kankan. Mo sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Olóyè dúró, ó ń mi orí. Ìgbà tí mo ṣe tán, ó wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú àpótí dúdú mìíràn.

"Méjì ni mo rà. Òótọ́ lo sọ, kò yẹ kí èmi nìkan ní in. Gbà."

Ẹ wo ibi tí ọgbọ́n burúkú ti bá mi. Ó yẹ kí n jù ú mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé, bí mo bá fẹ́ tú àṣírí Olóyè níwájú ìgbìmọ̀, ṣé kò yẹ kí n ní ẹ̀rí lọ́wọ́ ni? Mo gba àpótí náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí.

Mo gbé ẹ̀rí náà délé. Ní ọjọ́ kejì, mo rò ó pé ẹ̀rí tí a kò dán wò kì í ṣe ẹ̀rí. Mo so wáyà rẹ̀ mọ́ ti rédíò Ìjàpá mi, mo sì tì í bọ inú ihò ẹ̀yìn rédíò níbi tí ojú kò ti lè rí i. N kò fi bọ́tìnnì kankan sí i. Bí mo bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ẹ̀rí mi ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo sọ ọ́ lórúkọ, mo pè é ní Olófòófó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń dán ẹ̀rí wò.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ Mùínátù. Olùkọ́ bíi tèmi ni, ní Odogbolu. Mo fẹ́ fẹ́ ẹ, òun náà kò kọ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn ẹni tí ó ń pẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, mo ti pẹ́ fún wákàtí kan. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Gilbert, ìwọ tí o ń pariwo ẹ̀tọ́ kiri, ṣé ẹ̀tọ́ ni kí ènìyàn máa dúró dè ọ́ nínú oòrùn? Bí o bá tún pẹ́ ní Satidé tó ń bọ̀, má wulẹ̀ wá mọ́."

Ní Satidé náà, agogo mẹ́rin ni a fàdéhùn sí. Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé nítorí pé mò ń lọ aṣọ. Mo tẹ Ìjàpá dé ilẹ̀. Mo ní kì í ṣe pé mò ń rú òfin, mò ń ṣe ẹ̀tọ́ fún Mùínátù ni.

Ní abúlé tí ó kù díẹ̀ ká wọ Odogbolu, mo bá ọkọ̀ kan níwájú. Bọ́lẹ̀kájà Bẹ́dífọ́ọ̀dù àtijọ́ ni, pákó ni gbogbo ara rẹ̀, wọ́n kọ "SÙÚRÙ LÉRÈ" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà yẹn ló mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ Bàbá Yẹ̀kínì ni. Àwọn ènìyàn a máa sọ pé bí ẹ bá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú sínú rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, yóò ti pọ́n kó tó dé Odogbolu. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá náà ti ń wakọ̀, kò tíì fọwọ́ kan adìẹ ẹnikẹ́ni. Òun náà sì ni bàbá Mùínátù.

Mo yà sí òsì kí n lè kọjá lára rẹ̀. Bí mo ṣe yọrí báyìí, Olófòófó figbe ta: "Píí-píí-píí-píí!"

Yéè! Walter wà níwájú! Èmi ni mo sọ fún un pé kí ó dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ náà!

Mo tẹ bíréèkì, mo yí ìdarí, mo sì sá padà sẹ́yìn bọ́lẹ̀kájà bí òròmọdìẹ tí ó rí àṣá. Èéfín ọkọ̀ bàbá bò mí lójú. Mo rọra ń tẹ̀lé e pẹ́kípẹ́kí, mò ń wúkọ́.

Walter ti tẹ ìbọn ní tirẹ̀. Ó ti tẹrí ba láti ka nọ́ńbà. Ìgbà tí yóò fi gbójú sókè, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló rí níwájú.

Ó na àsíá pupa. Bọ́lẹ̀kájà dúró. Èmi náà dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Yẹ̀kínì," Walter wí, "ẹ sá eré mẹ́rinlélọ́gọ́rin."

Bàbá wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́. "Èmi wo?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Ẹ wò ó, ó ṣì wà lójú rẹ̀."

Ìyá kan nínú èrò fi ọwọ́ sórí. "Ọkọ̀ yìí kẹ̀? Ọkọ̀ tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ra ẹ̀pà, mo sáré, mo tún bá a?"

Bàbá Yẹ̀kínì sọ̀ kalẹ̀. Ó rí mi lẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Tíṣà nìyí! Ẹni tí ó mọ òdodo jù ní gbogbo Ìjẹ̀bú. Ọmọ mi, ẹ̀yìn mi lo wà bọ̀. Ojú rẹ ló ṣe. Sọ fún wọn. Ṣé mo sáré?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti ronú lórí ìṣẹ́jú yẹn títí orí mi fi ń fọ́. Gbólóhùn kan ni ó kù. "Rárá, èmi ni." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wúkọ́.

"Bàbá... èéfín pọ̀. N kò... n kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọ̀nà dáadáa."

Bàbá yọ fìlà, ó nu ojú rẹ̀. "Ó dára, ọmọ mi," ó wí, ó sì gun ọkọ̀ rẹ̀ padà.

Mo dé ọ̀dọ̀ Mùínátù ní agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó ní mo gbìyànjú.

Bí ìròyìn ṣe tàn ká ìlú, ẹ ò ní gbà gbọ́. Wọ́n ní Bàbá Yẹ̀kínì ti fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú sínú bọ́lẹ̀kájà. Wọ́n ní ọdún pípẹ́ ló ti ń díbọ́n. Àwọn èrò tí wọ́n máa ń sá fún un bẹ̀rẹ̀ sí í tò sídìí ọkọ̀ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká wọ ti Mẹ́rinlélọ́gọ́rin," ni wọ́n ń wí. Àwọn ọ̀dọ́ dírẹ́bà ń dọ̀bálẹ̀ kí i: "Bàbá, ẹ̀yin lọ̀gá wa!"

Bí mo bá ní kí n sọ òtítọ́, mo rí i lẹ́ẹ̀kan tí bàbá náà rọra lu orí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí ń lu ẹṣin lẹ́yìn, tí ó sì ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Ṣé ìwọ náà lè ṣe é?"

Ṣùgbọ́n òfin kò sùn. Àdúrà Ọkọ̀ ku ọjọ́ mẹ́fà. Bí wọ́n bá kàwé ìdájọ́ níbẹ̀, ọkọ̀ Bàbá Yẹ̀kínì ti kúrò lórí ìtò nìyẹn, kò sì ní iṣẹ́ mìíràn. Mùínátù wá bá mi ní ilé-ẹ̀kọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàbá mi kò jẹun láti àná. Ó ní ọkọ̀ yẹn ni oko òun, oṣù mẹ́ta láìroko ni ebi. Gilbert, ìwọ lo kọ òfin yìí. O mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn kò lè sá mẹ́rinlélọ́gọ́rin, àní bí a bá tì í sílẹ̀ láti orí òkè. Sọ nǹkan kan fún wọn."

"Òfin ni òfin," mo wí. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ọṣẹ lẹ́nu mi.

"Ó dára," ó wí. "Ó kéré tán, mo mọ̀ pé ìwọ kì í ṣègbè."

Lọ́jọ́ náà, mo kọ lẹ́tà ìjẹ́wọ́ mẹ́rin. Mo fa ìlà pupa sábẹ́ àwọn ibi tó ṣe pàtàkì. Mo ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ọjọ́ Àdúrà Ọkọ̀ pé. Bí a ṣe máa ń ṣe é ní gáréèjì wa nìyí: wọn a fọ gbogbo ọkọ̀, wọn a tò wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́. Wọn a ní kí dírẹ́bà kọ̀ọ̀kan ṣí kọ́kọ́rọ́ kí iná ọkọ̀ tàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má tan ẹ́ńjìnnì, kí a lè gbọ́ ohùn àdúrà. Àwọn àgbà ní ọkọ̀ tí ó bá sùn kò lè ṣe àmín. Alfa a ṣe àdúrà, pásítọ̀ a ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, Bàbá Ògúndèyí, àgbà alágbẹ̀dẹ tí ó jẹ́ olórí gáréèjì, a mú òòlù, a fi kan iwájú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, a ní, "Lọ ire, bọ̀ ire." Gbogbo ọkọ̀ a sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan náà. Àmín wọn nìyẹn.

Mo gbé Ìjàpá mi sórí ìlà, mo ṣí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀rù kò bà mí nítorí Olófòófó. Walter ti ti ìbọn mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ní káńsù. Níbi tí kò bá sí ìbọn, kí ni Olófòófó fẹ́ gbọ́?

Ohun tí èmi olùkọ́ físíìsì kò mọ̀ ni pé àwọn àpótí náà fúnra wọn máa ń ju díẹ̀ jáde nínú irú nǹkan tí ìbọn ń jù. Bí méjì bá pàdé, èkíní a rò pé ìbọn ni èkejì. Ó wà nínú ìwé tí ó bá a wá. N kò ka ìwé náà.

Alfa ti ṣe tirẹ̀, pásítọ̀ ti ṣe tirẹ̀, kí Olóyè Harold tó dé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn ènìyàn ńlá. Àyè kan ṣoṣo ló kù lórí ìlà: ẹ̀gbẹ́ Ìjàpá mi. Bẹ́ǹsì rọra yọ́ wọlé. Olóyè pa ẹ́ńjìnnì, ó sì ṣí kọ́kọ́rọ́ padà kí iná lè tàn bíi ti àwọn yòókù.

Ní àkókò yẹn gan-an ni Walter gbé ìwé sókè. "Bàbá Yẹ̀kínì, ọkọ̀ Bẹ́dífọ́ọ̀dù. Ẹ̀sùn: eré mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Ìdájọ́..."

"Píí-píí-píí-píí!"

Gbogbo gáréèjì yíjú sí ìlà ọkọ̀.

"Píí-píí-píí-píí!" Èkejì dá a lóhùn.

"Ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀!" ẹnì kan kígbe.

"Irin ti jẹ́rìí!" Walter pariwo, ojú rẹ̀ là. "Ẹ gbọ́! Bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀ ni irin ké! Bàbá Yẹ̀kínì jẹ̀bi!"

"Irin ti jẹ́rìí!" àwọn ènìyàn gbà á lẹ́nu rẹ̀. Alfa ń ka àdúrà nínú. Pásítọ̀ ti wà lórí orúnkún. Dírẹ́bà kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ní ọdún 1979, ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ bi í.

Bàbá Yẹ̀kínì jáde síwájú. Ó yọ fìlà rẹ̀. Ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọ tí ó sọnù lọ́jà.

"Bí irin bá sọ bẹ́ẹ̀," ó wí, "ta ni èmi? Bóyá mo sáré lójú oorun. Mo gbà. Mo jẹ̀bi."

Bàbá Ògúndèyí gbé òòlù rẹ̀ sókè. "Ẹ dákẹ́! Àádọ́ta ọdún ni mo fi ń bá irin gbé. Mo ti lù ú, mo ti yọ́ ọ, mo mọ ohùn rẹ̀. Irin kì í ké bí òròmọdìẹ. Nǹkan kan ló wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ yìí."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìlà, ó ń fi etí ti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bí dókítà. Ó fi ti Dátísùn. Ó mi orí. Ó fi ti Píjò. Ó mi orí. Ọkọ̀ mẹ́ta ló kù kó dé tèmi. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni mo jìnnà sí kọ́kọ́rọ́ mi. Mo lè na ọwọ́, kí n pa á, kí ohùn náà dákẹ́, kí gbogbo ayé sì máa sọ títí láé pé irin jẹ́rìí.

Mo wo Bàbá Yẹ̀kínì. Ó ṣì di fìlà rẹ̀ mú sáyà.

"Bàbá Ògúndèyí," mo wí, "ẹ má wulẹ̀ wá a mọ́. Tèmi ni."

Mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rédíò, mo fa Olófòófó jáde tòun ti wáyà rẹ̀. Ó ń ké lọ́wọ́ mi bí ọmọ tuntun. Mo gbé e sókè kí gbogbo wọn rí i.

"Èmi ni mo sá mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Àpótí yìí ló ta mí lólobó, mo sì sá pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ Bàbá. Bàbá bi mí, mo purọ́. Kò sí èéfín kankan... èéfín wà, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀nà dáadáa."

Walter la ẹnu sílẹ̀. Mùínátù, tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Àpótí tìrẹ nìyí," Bàbá Ògúndèyí wí. "Èwo ló wá ń ké nínú Bẹ́ǹsì?"

"Aago mi ni," Olóyè Harold wí kíákíá. "Aago Amẹ́ríkà ni."

"Tíṣà, pa tìrẹ."

Mo yọ wáyà. Olófòófó dákẹ́. Bẹ́ǹsì dákẹ́.

"Tan án."

Mo fi wáyà kan án. "Píí-píí-píí!" Bẹ́ǹsì dáhùn: "Píí-píí-píí!"

"Olóyè," Bàbá Ògúndèyí wí, "irú aago wo ni ó máa ń kí Tíṣà káàárọ̀?"

Ẹ̀rín pa gáréèjì. Wọ́n ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Wọ́n ní kí n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹlẹ́pà kan ní àfi bí ẹyẹlé méjì tí ń fẹ́ra wọn. Wọ́n ti ká Olóyè mọ́, ó fi fìlà bojú, àmọ́ fìlà tí ó máa ń fi bo àpótí mọ́lẹ̀ ni, gbogbo wa sì rí àpótí náà.

Bàbá Ògúndèyí dá ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí Olóyè má ṣe alága mọ́, kí ó sì máa wakọ̀ tẹ̀lé bọ́lẹ̀kájà Bàbá Yẹ̀kínì lẹ́yìn, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Odogbolu, ní Satidé mẹ́rin gbáko, kò gbọdọ̀ kọjá lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ fọn fèrè. Ó ní kí èmi fi ọwọ́ ara mi se ìkọ́kọrẹ́ fún gbogbo gáréèjì, kí n sì fi oṣù mẹ́ta ṣe kọ̀ndọ́ fún Bàbá Yẹ̀kínì bí mo bá ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Òun fúnra rẹ̀ fi òòlù fọ́ àpótí méjèèjì. Wọ́n ké píí lẹ́ẹ̀kan, wọn kò ké mọ́.

Nígbà tí àwùjọ tú ká, Mùínátù gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Gbólóhùn kan ló sọ.

"Rúlà rẹ dà?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí wọ́n bá lù mí, kò lè dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Mo se ìkọ́kọrẹ́ náà. Mo ha ewùrà títí gbogbo ìka mi fi ń yún mí. Àwọn dírẹ́bà jẹ ẹ́, wọ́n ní kí n má fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Mo sì di kọ̀ndọ́. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn SÙÚRÙ LÉRÈ, wẹ́ẹ̀jì tí a fi ń há táyà lọ́wọ́, tí mò ń pariwo "Odogbolu! Odogbolu!" tí àwọn ọmọ kíláàsì mi ń kí mi pé, "Ẹ kú iṣẹ́, sà!"

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Inú Bàbá Yẹ̀kínì kò dùn. Àwọn èrò ti gbọ́ pé kì í ṣe òun ló sá eré yẹn, wọ́n sì ti tú ká lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń pè é ní Mẹ́rinlélọ́gọ́rin mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yíjú sí mi.

"Tíṣà, ìwọ lo fún mi ní eré, ìwọ lo tún gbà á. Ṣé ìyẹn náà tọ́?"

Mo bọ́ sílẹ̀, mo lọ ti wẹ́ẹ̀jì sídìí táyà.

Ní Satidé tí ó kẹ́yìn ìjìyà mi, èrò kò pọ̀, ẹrù kò sì wúwo. A gun òkè tí ó wà ṣáájú abúlé yẹn. Bí a ṣe dé orí rẹ̀, mo rí i tí Bàbá tẹ fìlà rẹ̀ mọ́rí dáadáa.

"Tíṣà, di nǹkan mú."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin ará, ó tẹ̀ ẹ́! Pákó ọkọ̀ ń ké, àgbá epo pupa ń jó, ìyá kan ń pe Jésù, èkejì ń pe Ànábì. Afẹ́fẹ́ gba wẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́ mi. A sọ̀ kalẹ̀ bí òkúta, a gba iwájú igi obì kọjá, Walter sì wà níbẹ̀ tòun tìbọn.

Àsíá pupa sókè.

Bàbá tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ yọ̀ títí kó tó dúró. Ó ti bọ́ sílẹ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

"Mélòó?"

Walter wo ìbọn, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀ bóyá ẹlòmíràn sá pamọ́ síbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni. "Bàbá, ẹ máa bínú. Mẹ́tàléláàádọ́ta."

"Èmi? Ó dá ọ lójú pé èmi ni?"

"Ẹ̀yin nìkan ló wà lójú ọ̀nà, sà."

"Mo jẹ̀bi!" Bàbá Yẹ̀kínì fò sókè, ó ń jó lójú títì. "Mo jẹ̀bi! Tíṣà, kọ ọ́ sílẹ̀! Mo jẹ̀bi!"

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni òótọ́. Bàbá Ògúndèyí sì dá a lẹ́jọ́: ó ní kí ó se ìkọ́kọrẹ́ bí òfin ṣe wí. Oṣù mẹ́ta ńkọ́? Ó ní ìyà tí bàbá ti jẹ ṣáájú nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn ti tó o. Mo ronú lé e títí, mo sì rí i pé ìdájọ́ náà tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìwé tí mo kọ.

Mùínátù àti ìyá rẹ̀ ló se é. Ní ọjọ́ náà, gbogbo gáréèjì jókòó. Mùínátù ń bù, ó ń gbé e fún wọn. Walter rí ẹja nínú tirẹ̀. Alfa rí ẹja. Olóyè Harold pàápàá rí ẹja. Ó gbé tèmi síwájú mi láìwò mí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀tún, mo yẹ̀ ẹ́ wò ní òsì. Kò sí ẹja.

Ó wù mí kí n bi í bóyá ẹ̀tọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo rántí rúlà. Mo pa ẹnu mi dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìkọ́kọrẹ́ mi ní jẹ́jẹ́.

Ìgbà tí mo jẹ ẹ́ dé ìdí abọ́, ọwọ́ mi kan nǹkan. Orí ẹja ni, odidi, tí ó tóbi ju ti gbogbo wọn lọ, tí ẹnì kan ti fi ìkọ́kọrẹ́ bò mọ́lẹ̀ kí ojú má báa rí i.

Mo gbójú sókè. Mùínátù ń fọ ṣíbí kan tí kò dọ̀tí.

Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́, kí ó jẹ ẹja rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti rí ohun tí fífi nǹkan pamọ́ máa ń fà. Mo dìde, mo gbé orí ẹja náà sókè kí gbogbo gáréèjì rí i.

"Ẹ wò ó o! Tèmi ló tóbi jù!"

"Gilbert, jókòó!" Mùínátù kígbe, ó sì fi gèlè bojú.